Àpáta Lóun Ò Lọ

Àárọ̀ òní ni Mọ́mì mi bá mi jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi kẹ́dùn o! Wọ́n ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀wà, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dìde ni. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àlàájà tó ni ilé tí à ń gbé yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ ti dé ni?"

Mo ní, "Rárá mà, Mọ́mì ló ń bá mi jà!"

Àlàájà ní, "Alihamudulilai! Kí wọ́n bá ẹ jà dáadáa. Ó tọ́ sí ẹ."

Ẹni tí ò bá mọ̀ wá á ní orí wa ti yí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Tísà ni Mọ́mì mi. Kíláàsì kìíní ni wọ́n ń kọ́, nílé-ìwé kan tí ò jìnnà sí wa níbí ní Ẹ̀gán, l'Ékòó. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Bàbá mi, tó ti kú, ará etí omi ni, lápá Oǹdó. Ohùn ni Mọ́mì fi ń jẹun. Tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní á-bí-dí, ẹni tó ń ra búrẹ́dì lójú títì máa mọ lẹ́tà tí wọ́n dé. Nílé náà, kò yàtọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, láràárọ̀ tí wọ́n bá ń dirun fún mi kí n tó lọ sílé-ìwé, màá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á máa kì mí bí wọ́n ṣe ń fa irun:

"Ọmọ odò tó ń ṣàn kọjá ilé, tí ò bá onílé jà.
Ọmọ atukọ̀ tí kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ omi."

Ó dùn mọ́ mi débi pé n kì í mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń fa irun mi jù. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ irun náà ni mo padà lọ kọ́ nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé wa gan-an, yàrá kan báyìí, dígí kan, àga méjì.

Ìgbà ọyẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Mọ́mì dúró níwájú pátákó ní kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ mú un, ọwọ́ ò lọ. Àwọn ọmọ kéékèèké yẹn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé tísà ń bá àwọn ṣeré ni. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ọsibítù, apá ọ̀tún ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu ti wọ́. Rọpárọsẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹsẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀pá, Mọ́mì ń rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ ohùn ò padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ṣé ẹ fẹ́ omi, Mọ́mì? Bẹ́ẹ̀ ni. Àbí tíì ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti yó? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ebi ṣì ń pa yín? Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ mú wọn rẹ́rìn-ín, mo ní, "Mọ́mì, ṣé ọkùnrin ni mí?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ojú wọn sì kún fún omi. Ìgbà yẹn ló yé mi pé gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú lọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn ló tì.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ọkùnrin wá kí wa láti Èkìtì. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, èèyàn dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ tán, ó ti tán nìyẹn. Wọ́n wo yàrá wa, wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní, "Màá mú àbúrò mi lọ sílé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, mò ń tọ́jú wọn."

"Mo rí i. O ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n tí o bá ń dirun, ta ló ń wò ó? Nílé, èèyàn pọ̀. Atẹ́gùn wà. Kò sí ariwo." Wọ́n wá yíjú sí Mọ́mì, wọ́n fohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n pé, "Ṣé wàá bá mi lọ sílé?"

Mọ́mì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọwọ́ òsì Mọ́mì di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, wọ́n fún un débi pé èékánná wọn wọ̀ mí lára. Ojú wọn ń sọ fún mi pé rárá, rárá, rárá. Mọ́mì tí àwọn ọmọ kíláàsì wọn ṣì máa ń dúró lẹ́nu géètì tí ilé-ìwé bá jáde, tí wọ́n á pariwo pé "Ẹ káàsán, mà!", tí Mọ́mì á sì jókòó sójú fèrèsé láti aago kan kí aago méjì tó lù, kí wọ́n má bàa kọjá! Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?

Mo ní, "Bàbá mi, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn."

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, àbí o ò gbọ́?"

"Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí, sà. Ẹ bi wọ́n bóyá àgbò ni yín."

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì wò mí, mo sì mọ̀ pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò bínú. Wọ́n ní lẹ́yìn oṣù méjì, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn máa gbé mọ́tò wá. Wọ́n lọ.

Mo dìde, mo nu eékún mi nù, mo ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní lọ ibì kankan. A máa wá rárá yẹn rí." Mọ́mì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìyẹn nìkan ló tọ̀nà lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì kan wà lọ́sibítù tó ń kọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ti há mọ́ lẹ́nu. Ó ní kí n máa gbé nǹkan sókè, kí n bi Mọ́mì pé kí lèyí. Mo gbé ṣíbí. Mo gbé kọ́ọ̀bù. Mo gbé ìyàrun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Mọ́mì á ya ẹnu, iṣan ọrùn wọn á yọ, òógùn á bò wọ́n, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa jáde. Ẹni tó ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ní "kí lèyí", kí ọmọ tó bí máa wá gbé ṣíbí sí wọn lójú. Lọ́jọ́ kan wọ́n gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ nù. N ò gbé ṣíbí mọ́.

Ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí Mọ́mì jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n bá wọn di irun wọn. Bí ọwọ́ mi ṣe kan orí wọn báyìí, ara mi ṣe wìì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún mi nìyí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tó wà lára mi: "Ọmọ odò tó ń ṣàn kọjá ilé…"

Mọ́mì gbá mi lọ́wọ́.

Mo rò pé mo fa irun jù. Mo rọra, mo tún bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ atukọ̀ tí kì í…" Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ju ìyàrun sí kọ̀rọ̀, wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo bú wọn. Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín ní kọ́rídọ̀. Àlàájà ni, wọ́n ń gbé omi àlùwàlá wọn kọjá.

"Ìwọ ọmọ yìí! Oríkì bàbá ẹ lo ń ki fún màmá ẹ? Ṣé òun ni ọmọ odò? Èmi rò pé omi gan-an ń bà á lẹ́rù!"

Ẹ ẹ̀ rí i pé òpè ni mí! Oríkì tí Mọ́mì fi ń kì mí, tèmi ni, ti ìdílé bàbá mi. Òun nìkan ni mo mọ̀. Mo wá ń fi ọkọ̀ ojú omi ki ọmọ Èkìtì olókè. Ó tì mí lójú, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù wá lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ọdún tí Mọ́mì fi wà nílé yìí, tí wọ́n ń kì mí, tí wọ́n ń ki bàbá mi títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó ki àwọn náà rí. Àwọn tó lè kì wọ́n wà nílé lọ́hùn-ún. Mi ò tiẹ̀ bèèrè rí pé ọmọ kí ni wọ́n.

Mo pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà l'Èkìtì, tí a ń pè ní Ìyá àgbà. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti pè, mo ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki Mọ́mì."

"Lórí fóònù? Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹ."

Mo pa ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ, mo kúnlẹ̀ lóòótọ́. Oníbàárà mi yíjú padà pẹ̀lú irun ààbọ̀ lórí, ó ń wò mí. Ìyá àgbà wúkọ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Hẹn! Ohùn yẹn! Bí ẹni pé Mọ́mì mi gan-an ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti gbó sí i. Mo fa páálí tó wà nínú ọ̀rá àtáṣímẹ́ǹtì jáde, mo ń fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀:

"Ọmọ òkè tí ń rí òjò kó tó dé.
Ọmọ ọlọ́kọ́ tí ń jí kí àkùkọ tó mọ̀,
Ó kọ ebè méje kí oòrùn tó yọjú,
Ó jókòó sórí ebè, ó ń bi oòrùn pé, kí ló dá ọ dúró?
Àpáta ilé wa ò sọ̀rọ̀, kò yadi,
Ẹni tó bá kàn án ní í gbọ́ ohùn rẹ̀.
Òjò ní kó ṣí, àpáta lóun ò lọ.
Ìjì ní kó ṣí, àpáta lóun ò lọ."

Mo ní kí wọ́n dúró, pé omi ojú ti kán sórí páálí. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún àwọn. Mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Ahọ́n Èkó! O ń yára bí ẹni tí ajá ń lé. Fà á! Àpáta kì í sáré." Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé, "Nílé wa, wọn kì í já oríkì sí méjì láàárín. Ara olóríkì kì í balẹ̀ títí á fi parí. O gbọ́?"

Mo gbọ́, mà. Mo lẹ páálí náà mọ́ ara dígí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ń di irun, mò ń kọ́ ọ. Ìlà kan, ìdì kan. Àwọn oníbàárà mi náà mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní, "Ó ku ìjì o! O ti fo ìjì!"

Láràárọ̀ ni mo ń ki Mọ́mì. Ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe dé "ọmọ òkè", ọrùn wọn dúró lọ́wọ́ mi gbagidi. Wọn ò gbá mi. Wọ́n gbé orí sí mi lórúnkún, wọ́n sunkún títí mo fi di irun tán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì ń lọ. Mo ní màá kì wọ́n títí ọjọ́ tí mọ́tò máa dé, tí mọ́tò bá sì dé, màá kì wọ́n nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, mo ti dé ibi ebè. "Ó jókòó sórí ebè, ó ń bi oòrùn pé…" Ni oníbàárà kan tó yẹ kó ti dé láti aago mẹ́jọ bá kan ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ṣí?" Mo ní, "Mò ń bọ̀!" Mo ti fẹ́ dìde.

Ohùn kan ní, "Kí ló… dá ọ… dúró?"

Oníbàárà yẹn dáhùn látìta pé, "Ẹ má bínú, mà, mi ò tètè rí kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún ni!"

Mo wo Mọ́mì. Mọ́mì fi ọwọ́ òsì bo ẹnu ara wọn bí ẹni tó gbọ́ ohùn àlejò nínú ilé. Mo kígbe! Àlàájà sáré dé pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣe. Èmi, Àlàájà àti oníbàárà tí mi ò tíì mọ ojú ẹ̀ dáadáa, gbogbo wa ń fò sókè nínú yàrá kékeré yẹn.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ tún un sọ!" Wọ́n la ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ṣe ló pàtẹ́wọ́. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ohun tí èèyàn fi orin tàbí ewì mọ̀ láti kékeré, ọ̀nà míì ló ń gbà jáde. "Má bi wọ́n ní ìbéèrè mọ́. Ìwọ bẹ̀rẹ̀, kí àwọn parí."

Ìyá àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú nọ́ọ̀sì, àbí wọn ò sọ ọ́? Ara olóríkì kì í balẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í já a sí méjì, kí Ìyá àgbà dárí jì mí. "Ó kọ ebè…" Màá dákẹ́. Màá máa di irun lọ bí ẹni tó gbàgbé. Mọ́mì á máa yí orí, á máa yún wọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà, "Méje!" Nígbà tó yá, ààbọ̀ ìlà. Nígbà tó tún yá, ìlà kan. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn oríkì yẹn ṣe tiwa. "Ọ̀fun ọmọ òkè gbẹ, ó ní kí wọ́n bu…" "Omi!" "Ọmọ ọlọ́kọ́ jẹ iṣu, ó ní ó ku…" "Epo!" Kò dára tó ti Ìyá àgbà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Mọ́mì mu omi tó jẹ́ pé omi ni wọ́n fẹ́ lóòótọ́!

Rárá nìkan ni ò wá. Gbogbo ọ̀nà ni mo gbà. Mo ṣe ewì rárá, mo kọrin rárá, Àlàájà tiẹ̀ bá mi jó rárá. Mọ́mì á fi gbogbo ara gbé e, á kù díẹ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni" á bọ́ síta. Òjò àkọ́kọ́ sì ti rọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n Mọ́mì gbé mọ́tò dé. Mo ti fọ aṣọ, mo ti lọ̀ ọ́, mo ti kó o sínú báàgì, torí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í jẹ́ kí àgbà dúró. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá mi, Mọ́mì ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún lo oṣù kan sí i."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Á máa sọ ọ́ nílé náà." Wọ́n yíjú sí Mọ́mì. "Ṣé ká máa lọ?"

Mọ́mì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n wọn wò mí. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kàn na ọwọ́ sí báàgì. Mo la ẹnu kí n bẹ̀rẹ̀ oríkì, bóyá ó lè ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Mọ́mì gbé ọwọ́ òsì sókè sí mi. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé e sókè ní kíláàsì. Dákẹ́.

Wọ́n fi ọ̀pá dìde. Wọ́n kojú sí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní:

"Ọmọ òkè… tí ń rí òjò… kó tó dé."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Mọ́mì.

Mi ò rò ó rí! Oríkì Mọ́mì ni mo rò pé mò ń kọ́. Oríkì ẹ̀gbọ́n wọn náà ni, bàbá kan náà ló bí wọn. Mọ́mì ń kì wọ́n, bí obìnrin ilé ṣe ń ki ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n lọ́ra, wọ́n ń kọsẹ̀, wọ́n fo ebè pátápátá, kò sẹ́ni tó bèèrè ebè. Nígbà tí wọ́n dé "àpáta ilé wa ò sọ̀rọ̀", ó há. Wọ́n ń wá a. Ẹ̀gbọ́n wọn ló parí ẹ̀: "Kò yadi."

Mọ́mì gbà á lẹ́nu wọn. "Òjò ní kó ṣí… àpáta lóun ò lọ. Ìjì ní kó ṣí… àpáta lóun ò lọ." Wọ́n mí. Wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Bọ̀dá ní kó ṣí…"

Àlàájà na ọrùn wọlé láti ẹnu ọ̀nà.

"…àpáta lóun ò lọ."

Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kọ́kọ́rọ́ tó ti sọnù, "Ò lọ. N ò lọ. Bọ̀dá, n ò lọ."

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì jókòó. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e wọ̀, wọ́n tún bọ́ ọ. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, kò sẹ́ni tó kì mí bẹ́ẹ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ta ló kọ́ ọ?" Mo mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi páálí hàn wọ́n lára dígí. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ méjì tí mi ò kọ dáadáa. Tísà ni tísà ń jẹ́, jàre!

Wọ́n jẹ iyán lọ́dọ̀ wa, wọ́n gba fọ́nrán irun kan kúrò lórí fìlà wọn, wọ́n padà lọ sílé láwọn nìkan.

Mo wọlé padà. Mọ́mì ti jókòó sójú fèrèsé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sátidé ni, ọmọ kankan ò ní kọjá. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí báàgì tó ṣì wà nílẹ̀.

"Tú u," ni wọ́n wí.

Mo tú u. Búlọ́ọ̀sì kan, ìró kan, gèlè kan, mo ń dá wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń kọrin, mo ń sunkún, imú mi ń dà, Mọ́mì sì ń wò mí láti ibi tí wọ́n jókòó bóyá mo ká a dáadáa.